Ohùn Inú Kásẹ́ẹ̀tì: Báwo Ni Kí Á Ṣe Fi Í Pamọ́ Tí Kò Fi Ní Bàjẹ́?

Ohùn ni ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lé lórí. Kì í ṣe bí a ṣe ń gbé ohùn jáde lẹ́nu ni a fẹ́ sọ, nítorí pé a ti ń kọ́ ìyẹn ní kíláàsì. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni: bí ó ṣe ń wọ inú kọ̀ǹpútà àti fóònù, irú fáìlì tí ó yẹ kí á fi pa á mọ́, àti bí ó ṣe lè bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ láìfura. Àwọn àgbà wa ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu jáde ni wọ́n ń pa òwe náà mọ́, ṣùgbọ́n ohùn tí ó wà nínú fáìlì kò yàtọ̀ sí i.

1. Ohun tí ojú wa rí

Ní ọdún 2010, páálí kan wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa tí kásẹ́ẹ̀tì 60 wà nínú rẹ̀, oníṣẹ́jú 90 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀kọ́ tí áfáà wa àgbà kan kọ́ àwọn tí ó ṣáájú wa ní ilé-kéú ni ó wà nínú wọn, láti orí bí a ṣe ń pe lẹ́tà Lárúbáwá títí dé orí gírámà. Áfáà náà ti di olóògbé nígbà náà. Nígbà tí a rí i pé téèpù mìíràn ti ń já, tí òmíràn sì ti ń hu, a kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan pé kí wọ́n bá wa gbé e sínú CD.

Lẹ́yìn bí oṣù kan, CD kan ṣoṣo ni wọ́n gbé fún wa. Kásẹ́ẹ̀tì 60, wákàtí 90, gbogbo rẹ̀ ló wọ inú rẹ̀! Inú wa dùn gan-an. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí a fi gba àwọn wáàsí tuntun sórí púpọ̀ nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà, a sì pín ìyókù fún ẹni tí ó bá fẹ́.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi CD náà kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́tà ni a mọ ohun tí a ṣe. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, áfáà, ṣé sīn (س) ni wọ́n pè yẹn ni, àbí thā (ث)?" A dá a padà, a tún gbọ́ ọ. A gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ kò lè dáhùn. A wá wá kásẹ́ẹ̀tì náà, kò sí mọ́. Àwa fúnra wa ni a ti fi nǹkan mìíràn pa á rẹ́.

Ẹni tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù kò jí wa lówó, a kò sì lè sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Àwa ni a kò mọ ohun tí ó yẹ kí á béèrè. Nítorí náà ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

2. Báwo ni ohùn ṣe ń di nọ́ńbà?

Ohùn kò ju pé kí afẹ́fẹ́ máa mì lọ. Bí ohùn bá nípọn, bíi ti ọkùnrin àgbà, ìgbà díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń mì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá tínrín, bí ìró "s" ní ẹnu wa, iye ìgbà tí ó ń mì a máa wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Kásẹ́ẹ̀tì, tí ilé-iṣẹ́ Philips gbé jáde ní ọdún 1963, ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya ìmì yìí sára téèpù bí ó ṣe rí. Kọ̀ǹpútà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ó ń wọn ìmì náà léraléra, tí ó sì ń kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá wọ̀n ọ́n. Orin inú CD, tí ó dé ọjà ní ọdún 1982, ìgbà 44,100 ni a ń wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bíìtì 16 ni a fi ń kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà méjì ni ohùn náà sì ń gbà, ọ̀tún àti òsì.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀: 44,100 lọ́nà 16 lọ́nà 2, ó jẹ́ bíìtì 1,411,200 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bíìtì mẹ́jọ ni ó ń jẹ́ báìtì kan. Bí a bá sọ ọ́ di wákàtí kan, yóò jẹ́ nǹkan bí MB 635. Irú fáìlì tí ń gbé nọ́ńbà wọ̀nyí bí wọ́n ṣe rí ni WAV, tí Microsoft àti IBM gbé jáde ní ọdún 1991.

Òfin kan wà níbí tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Iye ìgbà tí a bá wọn ohùn, ìdajì rẹ̀ ni ìmì tí ó ga jù tí fáìlì náà lè gbé. Bí a bá wọ̀n ọ́n ní ìgbà 44,100, yóò gbé ohùn tí ń mì dé ìgbà 22,050, èyí sì ju ohun tí etí ọ̀dọ́ lè gbọ́ lọ, nítorí pé nǹkan bí 20,000 ni etí ènìyàn mọ. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ̀n ọ́n ní ìgbà 8,000 péré, bíi ti tẹlifóònù àtijọ́, ohunkóhun tí ó bá ń mì ju ìgbà 4,000 lọ kò ní wọlé rárá.

3. Kíká yàtọ̀ sí gígé

MB 635 fún wákàtí kan pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi wá ọ̀nà láti sọ fáìlì di kékeré. Ọ̀nà méjì ni wọ́n rí, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ wo agbádá. Bí a bá fẹ́ kí agbádá wọ inú àpò kékeré, a lè ká a dáadáa. Nígbà tí a bá dé ibi tí à ń lọ, a ó tú u, gbogbo apá rẹ̀ yóò pé. Ọ̀nà kejì ni pé kí á mú sísọ́ọ̀sì, kí á gé e di dàńṣíkí. Yóò wọ inú àpò, ó sì lè wuyì lọ́rùn wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò tún rí agbádá níbẹ̀ mọ́.

(a) Kíká: FLAC. Josh Coalson ni ó ṣe é, ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó pé sì jáde ní ọdún 2001. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nọ́ńbà ohùn kì í ṣàdédé fò. Èyí tí ó ń bọ̀ sábà máa ń sún mọ́ èyí tí ó kọjá. Nítorí náà, dípò kí ó kọ 2000, 2003, 2005, 2004, yóò fojú díwọ̀n ohun tí ó kàn, yóò sì kọ kìkì ìwọ̀nba tí ìdíwọ̀n náà fi yẹ̀: mẹ́ta, méjì, dín ọ̀kan. Nọ́ńbà kékeré kò gba àyè púpọ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ gbọ́ ọ, yóò ṣírò gbogbo rẹ̀ padà, nọ́ńbà kan kò sì ní yẹ̀. Fáìlì FLAC sábà máa ń tó nǹkan bí ìdajì WAV, ó lè dín díẹ̀, ó sì lè lé díẹ̀. Orin aláriwo kì í ṣeé ká tó ọ̀rọ̀ ẹnu tí ìdákẹ́jẹ́ wà láàárín rẹ̀.

(b) Gígé: MP3 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ Jámánì, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí Fraunhofer tí ó wà ní ìlú Erlangen, ni a ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ MP3, Karlheinz Brandenburg sì wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ọdún 1993 ni a tẹ ìlànà rẹ̀ jáde, ọdún 1995 sì ni wọ́n fún fáìlì náà ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé etí ènìyàn kì í gbọ́ gbogbo ohun tí ó wà nínú afẹ́fẹ́. Bí a bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta, tí àwọn méjì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nítòsí, a kò ní gbọ́ wọn. Kì í ṣe pé wọn kò sọ̀rọ̀; ohùn ńlá ni ó bo ohùn kékeré mọ́lẹ̀. MP3 a máa wá irú ohùn tí a bò mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò jù ú nù, tàbí kí ó kọ ọ́ ní ìdàkudà, ní ìrètí pé etí kò ní fura.

Bí a bá fún un ní àyè tí ó tó, etí kì í fura lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá há àyè mọ́ ọn, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohun tí etí ń gbọ́. Ìgbà náà ni ohùn á máa dún bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi, tí pípàtẹ́wọ́ àti ìlù á sì máa fọ́n ká kí ọwọ́ tó balẹ̀ rárá. Ẹ má sì rò pé orin nìkan ni ó nira fún un. Nígbà tí Brandenburg ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀kan nínú ohun tí ó fi dán an wò ni "Tom's Diner" tí Suzanne Vega kọ láìsí ìlù tàbí jìtá kankan. Ohùn obìnrin kan ṣoṣo yìí ni ó kọ́kọ́ dún burúkú. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí ariwo kankan tí yóò bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀.

Lẹ́yìn MP3 ni AAC dé ní ọdún 1997, ó sì ń ṣe dáadáa jù ú lọ ní ìwọ̀n kan náà. Opus ni ó dé ní ọdún 2012. A pa ọgbọ́n méjì pọ̀ nínú Opus: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ ẹnu, tí ó wá láti ọ̀dọ̀ Skype, èkejì fún orin. Òun ni WhatsApp ń lò fún ohùn tí a ń gbà ránṣẹ́ síra wa. AMR ní tirẹ̀, ìpè fóònù ni wọ́n ṣe é fún. Ìgbà 8,000 ni irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ ń wọn ohùn.

4. Ẹ jẹ́ kí á gbé wọn lé òṣùwọ̀n

Kílóbíìtì ni a fi ń mọ àyè tí a fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kílóbíìtì kan jẹ́ bíìtì 1,000. Bí a bá mọ̀ ọ́n, ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ sọ kílóbíìtì náà di ìlọ́po 0.45, ẹ ó mọ iye MB tí wákàtí kan yóò gbà. Àwọn wọ̀nyí ni ìwọ̀n wákàtí kan:

WAV, ọ̀nà méjì bíi ti CD: MB 635.
WAV, ọ̀nà kan ṣoṣo: nǹkan bí MB 318.
FLAC, ọ̀nà kan ṣoṣo: nǹkan bí ìdajì ti òkè yìí.
MP3 oníkílóbíìtì 320: MB 144.
MP3 oníkílóbíìtì 128: MB 57.6.
MP3 oníkílóbíìtì 64, ọ̀nà kan ṣoṣo: MB 28.8.
Opus oníkílóbíìtì 32, ọ̀nà kan ṣoṣo: MB 14.4.
AMR oníkílóbíìtì 12.2: nǹkan bí MB 5.5.

Ní ti dídùn, WAV àti FLAC dọ́gba pátápátá; ẹni tí ó bá ní òun gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín wọn ń tan ara rẹ̀ jẹ. MP3 oníkílóbíìtì 320, ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti mọ̀ pé a gé e. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, MP3 oníkílóbíìtì 64 lọ́nà kan ṣoṣo mọ́ gaara, nítorí pé àyè kan ṣoṣo náà ló gba gbogbo kílóbíìtì 64. Opus oníkílóbíìtì 32 mọ́ gaara fún ọ̀rọ̀ ẹnu bákan náà, bẹ́ẹ̀ ìdajì àyè ni ó gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti MP3 wọ inú kílóbíìtì 32, ẹ ó gbọ́ omi inú rẹ̀. Ohun tí MP3 fi ju Opus lọ ni pé kò sí ẹ̀rọ tí kì í gbà á, títí kan rédíò inú ọkọ̀ àtijọ́. Láti ọdún 2017 sì ni ètò gbígba owó àṣẹ lórí rẹ̀ ti dópin.

5. Níbo ni sīn wa gbà lọ?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sórí CD wa. Nígbà tí a yẹ fáìlì rẹ̀ wò, MP3 oníkílóbíìtì 16 ni, ìgbà 8,000 ni a sì wọ̀n ọ́n. MB 7.2 ni wákàtí kan. Wákàtí 90 jẹ́ MB 648. CD sì ń gba MB 700. Ẹni tí ó ṣe é wá ìwọ̀n tí yóò wọ inú CD kan ṣoṣo, ó sì rí i. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ohùn kò kàn án.

Ìró sīn (س) ga púpọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ wà lókè 4,000. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí a fi ń dá thā (ث) àti fā (ف) mọ̀ yàtọ̀ sí i. Ẹ sì rántí òfin tí a sọ: ìgbà 8,000 kò lè gbé ju 4,000 lọ. Nítorí náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ pàdánù orí wọn, ohun tí ó ṣẹ́kù fún etí sì jọra.

Ohun ìyanu ni pé ṣād (ص) kò sọnù tó bẹ́ẹ̀. Ìdí ni pé kì í ṣe ìró rẹ̀ nìkan ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ìwúwo rẹ̀ a máa bà lé fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀lé e, fáwẹ̀lì sì wà nísàlẹ̀ níbi tí fáìlì kékeré lè gbé e dé. Àwọn ọmọ wa lè fi ṣād yàtọ̀ sí sīn nínú CD náà, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi sīn yàtọ̀ sí thā.

Bákan náà ni ó rí nínú èdè Yorùbá. Ohùn dò, re, mí kì í sọnù lórí fóònù, nítorí ìlọsókè-sódò ohùn ọ̀fun ni, kò sì ga. Kò sẹ́ni tí yóò sọ pé ọkọ́ tí yóò di ọkọ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń ròyìn lórí fóònù tí kò mọ́ pé "ó fẹ́", ẹ ṣọ́ra kí ẹ má gbọ́ ọ sí "ó sẹ́". Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò papọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ wọn wà ní ibi tí fáìlì kékeré ń gé. Bí èyí bá lè da ìròyìn lásán rú, ẹ wo ohun tí yóò ṣe fún ẹni tí ń kọ́ bí a ṣe ń pe lẹ́tà Àlùkùránì.

6. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé wa, ẹnì kan nínú wa dámọ̀ràn pé kí á yí fáìlì náà padà sí WAV kí ó lè dára sí i. A ṣe é. Fáìlì náà tóbi, ó wúwo, sīn kò padà wá. A kò lè rán dàńṣíkí padà di agbádá nípa fífi í sínú àpótí ńlá. FLAC tí a ṣe láti ara MP3, MP3 náà ni ó jẹ́ nínú.

Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni kí á máa gé èyí tí a ti gé. Bí a bá sọ MP3 di AAC, tí a tún sọ AAC di Opus, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò ju tirẹ̀ nù. Ó dà bí ìwé tí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti ara ẹ̀dà. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ nìkan ni yóò lè kà á.

7. Kí ni kí á ṣe?

(a) Ẹ fọ orí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ohùn ya. Kò sí irú fáìlì tí yóò tún ohùn tí ó ti ya ṣe.

(b) Ẹ gba ohùn sílẹ̀ ní WAV, ìgbà 44,100, bíìtì 16. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó fún olùkọ́ kan. Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a kì í san owó fún, yóò ṣe é.

(d) Ẹ ká a sí FLAC. Èyí ni ìyá fáìlì. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì ó kéré tán, kí wọ́n má wà nínú ilé kan náà.

(e) Láti ara ìyá ni kí ẹ ti máa ṣe ọmọ fáìlì tí ẹ ó pín: Opus oníkílóbíìtì 32 fún fóònù, tàbí MP3 oníkílóbíìtì 64 fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti pẹ́. Bí ọmọ bá bàjẹ́, ìyá yóò bí òmíràn.

(ẹ) Ẹ kọ orúkọ olùkọ́, ọdún àti ohun tí a kọ́ sí orúkọ fáìlì.

(f) Ẹ má ṣe pa kásẹ́ẹ̀tì rẹ́ títí ẹ ó fi fi etí ara yín gbọ́ fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ má sọ pé àyè kò sí. Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú wa: wákàtí 90 wa ní WAV ọ̀nà kan ṣoṣo jẹ́ nǹkan bí GB 28.6. Bí a bá ká a sí FLAC, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni. Fílàṣì GB 32 kan yóò gbà á, àyè yóò sì ṣẹ́kù. Ní Opus, gbogbo rẹ̀ kò ju GB 1.3 lọ.

8. Ìparí ọ̀rọ̀

A kéde fún àwọn tí a pín kásẹ́ẹ̀tì fún. Mẹ́rin péré ni ó padà wá, ìyá àgbà kan ni ó sì kó méjì nínú wọn wá, tí ó dì wọ́n mọ́ inú gèlè. Nígbà tí a gbé wọn sínú FLAC, tí a jókòó gbọ́ wọn, sīn jẹ́ sīn, thā jẹ́ thā, a sì gbọ́ bí áfáà wa ṣe ń fi ahọ́n kan eyín. Ọmọbìnrin tí ó béèrè ìbéèrè lọ́jọ́ náà ti di olùkọ́ nísinsìnyí. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin yìí ni ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ ní kíláàsì. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta yòókù, CD náà nìkan ni a ní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ wo abẹ́ ibùsùn àwọn òbí yín. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá wà níbẹ̀, ẹ tètè gbé e dìde. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á lè tọ́jú ohun tí àwọn tí ó ṣáájú fi lé wa lọ́wọ́.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kíká àti gígé? Sọ irú fáìlì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.
2. Bí a bá wọn ohùn ní ìgbà 16,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìmì tí ó ga jù wo ni fáìlì náà lè gbé?
3. MB mélòó ni wákàtí méjì MP3 oníkílóbíìtì 96 yóò gbà?
4. Kí ni ìdí tí ṣād fi là nínú CD wa, tí sīn kò fi là?
5. Fún iṣẹ́ ilé: ẹ gba ohùn ọ̀rẹ́ yín sílẹ̀ ní WAV bí ó ti ń pe sīn, thā àti fā. Ẹ sọ ọ́ di MP3 oníkílóbíìtì 64 àti MP3 oníkílóbíìtì 16. Kí ẹlòmíràn máa tẹ̀ wọ́n fún yín láìsọ èyí tí ó tẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀.